Fìlà Tí A Kò Lè Fọwọ́ Kàn

Ọmọ mi, mo ti gbọ́ ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ń wí, pé o fẹ́ fi owó ọdún tí àwọn mọ̀lẹ́bí fún ọ ra fìlà fún jagunjagun kan tó ń sáré kiri nínú kọ̀ǹpútà rẹ, fìlà tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn, tí òjò kò lè pa, tí oòrùn kò sì lè ṣá. Èmi kò ní bá wọn fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni, àwa tí à ń pe ara wa lágbà yìí náà kì í jáde lọ sóde ìyàwó láì kọ́kọ́ dúró níwájú dígí, kí a gẹ fìlà sọ́tùn-ún, kí a tún gẹ̀ ẹ́ sósì. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìtàn ọjà ni ọlọ́jà ń rẹ́ jẹ, nítorí náà fetí sílẹ̀.

Géèmù tí o ń gbá yìí, Team Fortress 2, ilé iṣẹ́ Valve ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lọ́dún 2007. Jagunjagun mẹ́sàn-án ló ní, oníkálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí fìlà pípàrọ̀ kankan níbẹ̀ títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2009. Nígbà tí fìlà dé, kò fi okun kún ẹnikẹ́ni, kò sì dá ọta ìbọn dúró. Ẹwà lásán ni, géèmù fúnra rẹ̀ ló ń fi ta ẹni tó bá ń gbá a lọ́rẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe wù ú. Ó yẹ kí ìyẹn tó, àbí? Kò tó. Àwọn kan dá ọgbọ́n ẹ̀wẹ́, wọ́n fi ètò kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀ kó máa ṣe bí ẹni ń gbá géèmù nígbà tí àwọn fúnra wọn ń sùn, kí ẹ̀bùn lè máa rọ̀ sí wọn lápò. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, Valve gba ohun tí wọ́n fi bẹ́ẹ̀ kó jọ padà, ó sì fún àwọn tí kò lọ́wọ́ sí i ní òrùka ìmọ́lẹ̀ kan tó ń léfòó lókè orí, irú èyí tí wọ́n máa ń yà sórí áńgẹ́lì. Cheater's Lament ni wọ́n sọ ọ́. Nínú gbogbo ohun tí ẹ ń dé sórí níbẹ̀, òun ló wù mí jù, torí ìwà ni wọ́n fi gbà á, kì í ṣe owó.

Nígbà Halloween ọdún náà ni Ghastly Gibus dé, fìlà gíga tó ti rún, tó ti gbó. Ẹni tó bá borí ẹni tó dé e léraléra, tí onítọ̀hún kò rí ẹ̀san gbà, á gba tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń ràn láti orí dé orí. Lónìí, bí àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ bá rí i lórí ẹnìkan, wọ́n á ní ọmọ tuntun dé. Àwa ní ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Lọ́dọ̀ tiyín, àkísà gan-an ni ọmọdé fi ń bẹ̀rẹ̀. Má jẹ́ kí ẹ̀rín wọn lé ọ wọ ilé ìtajà inú géèmù náà.

Ilé ìtajà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010 ni Valve ṣí i. Géèmù á fún ọ ní àpótí tí wọ́n tì pa, ọ̀fẹ́ ni, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló lówó lórí: dọ́là 2.49. Títí o ó fi sanwó, o kò ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì wọ́pọ̀ rárá, fìlà tí wọ́n ń pè ní Unusual á jáde, tí iná tàbí èéfín ń rú lórí rẹ̀, tí àwọn èèyàn ń rà lọ́wọ́ ara wọn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là. Mo mọ ojú àwọn tó ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ láti àárọ̀, tí wọ́n ń wí pé ẹ̀ẹ̀kan yìí péré ló kù. Ojú tìrẹ nídìí àpótí náà kò yàtọ̀ sí tiwọn. Àjọ tó ń bójú tó tẹ́tẹ́ ní Belgium sì sọ ọ́ gbangba lọ́dún 2018 pé irú àpótí tí à ń sanwó ṣí bẹ́ẹ̀, títí kan ti géèmù Valve mìíràn, tẹ́tẹ́ ni.

Ẹni tó tiẹ̀ jẹ níbẹ̀ kò rọra sùn. Lóṣù Keje ọdún 2019, àṣìṣe kan wọ inú iṣẹ́ àwọn tó ń tún géèmù náà ṣe, àwọn àpótí àtijọ́ kan sì ń bí Unusual nígbàkigbà tí wọ́n bá ṣí wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, iye fìlà tí àwọn kan fi ọdún bíi mélòó kan kó jọ ti já wálẹ̀. Àti pé, ka ìwé àdéhùn tí o tẹ̀ ní "mo gbà" láì wò ó: àyè lílò ni wọ́n fún ọ, fìlà náà kì í ṣe tìrẹ. Bí wọ́n bá ti àkáǹtì rẹ pa, ó lọ nìyẹn.

Nítorí náà, bí fìlà bá wù ọ́, ra èyí tí o fojú rí, tí iye rẹ̀ wà lára rẹ̀, kí o dé e kí o sì gbádùn rẹ̀. Má ra kọ́kọ́rọ́. Ohun tí mo sì fẹ́ kí o rò jinlẹ̀ ni pé láti ọdún 2010 ni àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ Valve ti ń ya fìlà tiwọn, tí ilé iṣẹ́ náà ń tà á, tó sì ń fún wọn ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lẹ́nìkọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kọ̀ǹpútà kan náà tí o fi ń gbá géèmù ni wọ́n fi ń yà á, ètò Blender tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò kì í gba kọ́bọ̀. Ìwọ tí o ti ń ya ojú àwọn olùkọ́ rẹ sẹ́yìn ìwé láti kékeré, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lọ́sẹ̀ yìí. Abetí ajá ni kí o kọ́kọ́ yà, kí o sì gbé e wá kí n wò ó bóyá etí rẹ̀ gún.