Ìtumọ̀ àti Ìlò Ṣóńṣó Nínú Èdè Sáyẹ́ǹsì

Ní Òṣogbo àti ní Iléṣà, kò sí ọmọdé tí kò mọ ṣóńṣó imú tàbí ṣóńṣó orí òkè. Iṣẹ́ méjì ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣe. Bí wọ́n bá ní ọ̀kọ̀ rí ṣóńṣó, ìrísí ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n bá ní ṣóńṣó ọ̀kọ̀, apá kan lára rẹ̀ ni wọ́n dárúkọ. Ìlò kejì yìí ni sáyẹ́ǹsì nílò, pàápàá láti 1970 tí Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wà, ṣùgbọ́n ìnira wà nínú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka “ẹnu ewé” lè rò pé àwọn ihò wínníwínní tí ewé fi ń mí ni wọ́n ń wí. Orí ni ó burú jù. Orí kì í ṣàìmú òkè lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni gbòǹgbò kì í dàgbà sókè. Ibi tí gbòǹgbò ti ń gùn sí i wà nítòsí òpin rẹ̀ nínú ilẹ̀, lẹ́yìn ohun kan bí fìlà tí ó ń dáàbò bò ó bí ó ti ń la ilẹ̀ kọjá. Ta ni yóò pe ìyẹn ní orí gbòǹgbò tí kò ní da ọmọ ilé-ìwé láàmú? Ṣóńṣó kò sọ òkè, kò sọ ilẹ̀.

Àtakò kan wà tí kò ṣeé fojú fò: gbogbo òpin kọ́ ni ó mú. Ewé kòkó, tí oko Ìjẹ̀ṣà kún fún, ní ṣóńṣó gígùn tí omi òjò ń gbà kán dànù. Ṣùgbọ́n òpin ewé abàfẹ̀ gé wọnú ni. Bí ìtumọ̀ bá dúró lórí mímú, abàfẹ̀ kò ní ṣóńṣó rárá. Ó sàn kí ṣóńṣó jẹ́ ibi tí ó jìnnà jù lọ sí ibi tí ẹ̀yà kan ti yọ, ìbáà mú, ìbáà kújú.

Ní ti ẹ̀ka-èdè, ọ̀rọ̀ yìí ní oríire. Ilé tí ará Òṣogbo ń pè, ulé ni lẹ́nu Ìjẹ̀ṣà. Ìpẹ̀kun lè bá irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ pàdé, ṣùgbọ́n ṣóńṣó, tí kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀, bọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ìró èdè náà lè lò ó. Àfèrìgìpè, orúkọ tí t, d, s àti l ń jẹ́, sọ ibi tí ahọ́n ń lọ, èyíinì ni èrìgì; kò sọ apá ahọ́n tí ó ń lọ síbẹ̀. Ṣóńṣó ahọ́n yóò sọ ọ́.