Ikú Tó Ń Pa Ojúgbà Ẹni

Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Gbogbo ẹni tó ń wọ aṣọ ìjọba ló mọ òwe yìí, wọ́n sì máa ń pa á níbi ìsìnkú ẹlẹgbẹ́ wọn. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú rẹ̀, wọ́n á sì gun ọkọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Òwe tí ikú pa, kò sẹ́ni tó dúró túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ni mo fi ń jẹun ní Ẹdẹ níbí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí òfin ṣe rí, ẹ lọ bá lọ́yà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìwé ṣe ń já ènìyàn kulẹ̀, ẹ wá jókòó tì mí fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́dún tó kọjá, opó ọlọ́pàá kan gbé báàgì Ghana-must-go kékeré wọlé, ó sì kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì mi: fìlà iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, káàdì ìdánimọ̀, ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí ikán ti jẹ nígun kan, àti ẹ̀dà fọ́ọ̀mù kan tí yíǹkì rẹ̀ ti ń ṣá. Mo gbé fọ́ọ̀mù yẹn sún mọ́ iná. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ ẹni tí wọ́n máa wá bí nǹkan bá ṣe é, èyí tí gbogbo wa ń pè ní next of kin, orúkọ ìyá rẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Àpọ́n ni nígbà náà. Ìyá ọ̀hún sì ti kú kí ọkùnrin náà tó gbéyàwó. Ìyàwó kò sí lórí ìwé, ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sí níbẹ̀. Èyí àkọ́bí wà ní JSS3.

"Bàbá," ló wí, "wọ́n ní kí n lọ mú ẹni tórúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ wá."

Kì í ṣe pé òfin gbàgbé ọmọ ẹ̀ṣọ́. Òfin Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ ra ìwé adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, kí iye rẹ̀ má sì dín sí ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tó ń gbà lọ́dún. Òfin náà tiẹ̀ ro ti ẹni tó wọgbó lọ lé ọ̀daràn tí kò padà: bí ọdún kan bá kọjá tí a kò rí i, tí ìgbìmọ̀ ìwádìí sì gbà pé ó ti kú, wọn ò ní kí ẹbí rẹ̀ máa dúró títí ayé. Òfin kejì ni ti Ìsanpadà fún Òṣìṣẹ́, ọdún 2010, tí àjọ NSITF ń bójú tó. Àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè nìkan ló yọ sílẹ̀, kò yọ ọlọ́pàá, kò yọ panápaná. Ó ní bí òṣìṣẹ́ bá bá iṣẹ́ lọ, tó fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, kí wọ́n máa gba ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Ọmọ á máa jẹ nínú rẹ̀ títí á fi pé ọmọ ọdún 21, tàbí títí á fi parí dìgírì àkọ́kọ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni tí ọta ìbọn sọ di aláìlè-ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé, ìdá 90 náà ni tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọdún kan ni òfin kejì yìí fún ẹbí láti fi béèrè. Ọdún kan! Nílùú tí mùsùlùmí pọ̀ bíi tiwa, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ti lọ nínú rẹ̀ kí opó tó jáde nílé. Àwọn ará Amẹ́ríkà, tí òfin tiwọn lórí ẹbí ẹ̀ṣọ́ tó kú sẹ́nu iṣẹ́ ti wà láti 1976, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀. Ní 1996, wọ́n fi owó ẹ̀kọ́ kún un, ọmọ sì lè gbà á títí tó fi pé ọmọ ọdún 27. Mi ò sọ èyí kí n fi bú ilé wa. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ bí ọdún kan ṣe kúrú tó.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣọ́ wa, ọlọ́pàá, sífù dìfẹ́ǹsì, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, panápaná, ẹ lọ wo orúkọ tó wà lórí fọ́ọ̀mù yín níbi iṣẹ́, ẹ wo èyí tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín. Bí ẹ bá ti gbéyàwó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ti bímọ, ẹ tún un ṣe. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ ọmọ náà gan-an: mo ti rí ọmọ tí S wà lórí ìwé ìbí rẹ̀, tí SH wà lórí NIN, tí báǹkì sì ní àwọn ò mọ èwo ni ọmọ nínú méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín mọ nọ́ḿbà iṣẹ́ yín lórí. Mo mọ̀ pé àwọn ọkùnrin wa kórìíra èyí. Wọ́n gbà pé ẹni tó ń to ìwé òkú ń ránṣẹ́ pe ikú, pé obìnrin tó bá ti mọ ibi tí ìwé wà ti ń wo ẹ̀yìn ọkọ. Ọ̀rọ̀ asán ni. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ẹ̀ṣọ́ tó sì ń fi ojú ṣọ́ orí gbogbo ìlú kò gbọdọ̀ fi ti ilé rẹ̀ sílẹ̀.

Bó bá ti wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gbọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ìwé tí ilé ìwòsàn fúnni kò tó. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ikú lọ́dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ má fẹnu sọ ọ́ lásán, kí ẹni tó gbà á sì lu òǹtẹ̀ lórí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Ẹ béèrè bóyá ibi iṣẹ́ olóògbé ń san tirẹ̀ fún NSITF. Bí orúkọ orí fọ́ọ̀mù bá wọ́ bíi ti opó yẹn, Òṣogbo ni ọ̀nà rẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga, níbi tí wọ́n ti ń fúnni níwèé àṣẹ láti bójú tó ohun tí òkú fi sílẹ̀. Kí ẹbí sì mọ̀ pé ẹni tórúkọ rẹ̀ wà gẹ́gẹ́ bíi next of kin kì í ṣe ajogún nítorí bẹ́ẹ̀ nìkan. Àbúrò tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò lè gba ogún ọmọ.

Owó bá dé tán, ìjà bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ilé tí màlúù fìdáù ti jẹ owó ilé ìwé ọdún mẹ́fà. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kẹ́ ẹ tó pín kọ́bọ̀, ẹ ṣírò ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa ná títí yóò fi jáde, ẹ kó o sínú àkántì ọ̀tọ̀ tí ìyá àti ẹnì kan nínú ẹbí jọ ń bu ọwọ́ lù. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2004 ti sọ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ nílé ìwé ìjọba. SS1 lọ sókè ni ọ̀rọ̀ ti ń le, pàápàá nígbà owó WAEC. Bó bá di Pólì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ẹdẹ níbí láti 1992, owó NELFUND tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́ wà, tí kò ní èlé, ṣùgbọ́n gbèsè ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Yunifásítì aládàáni méjì tó wà nílùú wa kò sí lára ibi tí owó náà ń lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ àdúgbò ló ń dùn mí jù. Ẹ̀ṣọ́ ló tẹ ìlú yìí dó: ìtàn wa ní Aláàfin ló rán Tìmì Àgbàlé, ọlọ́fà iná, wá síbí kó wá ṣọ́ àwọn oníṣòwò lójú ọ̀nà. Lónìí, ọdẹ tó ń lu agogo lọ́wọ́ òru kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, kò ní fọ́ọ̀mù tí yóò kọ orúkọ ọmọ sí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Íbàdàn lóṣù January ọdún 2020, tiẹ̀ lè bi ọ̀gá wọn léèrè irú adójútòfò tó wà fún wọn. Ta ni ọdẹ yóò bi? Àwa onílé ni. Owó tí à ń dá fún un lóṣooṣù, ká máa yọ díẹ̀ pa mọ́ fún ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Mo gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé àdúgbò wa. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà.

Opó ọlọ́pàá yẹn ṣì ń wá. Àwọn alàgbà mọ́ṣáláṣí wọn ló san owó ìdánwò àkọ́bí rẹ̀. Níjọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, ó mú ìwé ìbúra kóòtù wá, mo ṣe ẹ̀dà mẹ́rin fún un. Ó tò wọ́n sínú fáìlì tuntun tó rà, ó kọ orúkọ ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú báírò, ó wá yí i sí mi: "Bàbá, ẹ bá mi wò ó, ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn?"