Èdè-Ìperí fún Ìṣètò Ẹ̀rín: Ọ̀rọ̀ Láàrin Oníṣègùn Eyín àti Agbàtọ́jú ní Ọ̀tà àti Sàngó-Ọ̀tà

1.0 Ìfáárà

Àwọn àgbà ní funfun ni iyì eyín, ègùn gàgàrà ni iyì ọrùn. Òwe yìí fi hàn pé ọ̀rọ̀ ẹwà eyín kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá. Bí wọ́n bá ń ki arẹwà obìnrin, wọn a máa pè é ní eyínfúnjowó, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹni tí eyín rẹ̀ funfun ju owó ẹyọ lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí pákò ìjẹ̀bú, orin ata àti orin ayìn ti ń ṣe ìtọ́jú ẹnu. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé ènìyàn lè jókòó níwájú oníṣègùn eyín, kí àwọn méjèèjì jọ pinnu bí ẹ̀rín ẹni náà yóò ṣe rí, kí wọ́n sì tún eyín mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ṣe nínú ètò kan ṣoṣo. Ìṣètò ẹ̀rín ni orúkọ tí ó bá irú ètò bẹ́ẹ̀ mu.

Ọ̀tà jẹ́ ìlú àwọn Àwórì. Sàngó-Ọ̀tà, tí ó wà lójú ọ̀nà àtijọ́ láti Èkó sí Abẹ́òkúta, ti di ibùdó ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọmọ Àwórì, Ẹ̀gbá, Yewa, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì ń pàdé lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń gbọ́ ara wọn yé. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni oníṣègùn eyín fi kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, láti ìgbà tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó ní 1966 títí di òní. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé, èdè-ìperí ni afárá tí ó wà láàrin wọn. Bí afárá náà kò bá dúró dáadáa, agbàtọ́jú lè fọwọ́ sí ohun tí kò yé e, eyín tí a bá sì ti gbẹ́ kò ní padà sí bí ó ti wà.

Ọ̀rọ̀ náà agbàtọ́jú ni ó tọ́ níhìn-ín, kì í ṣe aláìsàn, nítorí pé ẹni tí ó ń wá ẹwà eyín lè má ṣàìsàn rárá. Èyí gan-an ni ó mú kí àlàyé ṣe pàtàkì. Ẹni tí eyín ń dùn kò ní ọ̀nà púpọ̀ láti yàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ń wá ẹwà lè sọ pé òun kò ṣe mọ́.

2.0 Ọ̀rọ̀ Kan, Iṣẹ́ Mẹ́ta

Ká mú un pé òṣìṣẹ́bìnrin kan kúrò ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Sàngó, ó wọ iyàrá ìtọ́jú, ó sì wí pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọ eyín mi, mo fẹ́ kó funfun." Ọ̀rọ̀-ìṣe náà fọ̀, tí ó yàtọ̀ sí fọ́ nípa ohùn nìkan, lè dúró fún iṣẹ́ mẹ́ta nínú gbólóhùn yìí. Èkíní ni iṣẹ́ tí olúkúlùkù ń fi pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì ṣe ní òwúrọ̀. Èkejì ni pé kí oníṣègùn fi irinṣẹ́ ha èérí tí ó ti le mọ́ ìdí eyín kúrò. Ẹ̀kẹta ni pé kí a fi oògùn sọ àwọ̀ eyín fúnra rẹ̀ di funfun.

Bí oníṣègùn bá gbọ́ èkejì, tí ó sì jẹ́ ẹ̀kẹta ni obìnrin náà ní lọ́kàn, eyín rẹ̀ yóò mọ́ ṣùgbọ́n yóò ṣì pọ́n díẹ̀, yóò sì gbà pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Bí ó bá gbọ́ ẹ̀kẹta láìkọ́kọ́ yẹ èrìgì wò, oògùn lè ta ẹran-ara tí ó ti wú tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ó yẹ kí fífọ̀ dúró fún èkíní, híha fún èkejì, ìsọdifunfun fún ẹ̀kẹta.

Ẹnìkan lè béèrè ìdí tí a kò fi lo bíbó fún ẹ̀kẹta. Ọ̀rọ̀ yìí ti so mọ́ ara bíbó, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń mú ìrònú híhó èèpo wá. Ìsọdifunfun kì í bó ohunkóhun kúrò lára eyín. Pẹrọ́sáìdì ni ó ń wọ inú eyín lọ láti tú àwọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ká. Ní 1989 ni Haywood àti Heymann, oníṣègùn eyín méjì ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan jáde, nínú èyí tí agbàtọ́jú ń fi àwo pẹlẹbẹ kékeré wọ eyín sùn lóru. Oògùn inú rẹ̀ ni kábámáìdì pẹrọ́sáìdì 10%, tí agbára rẹ̀ tó ti háídírójìn pẹrọ́sáìdì 3.5%. Omi tútù lè máa ta eyín fún ìgbà díẹ̀ nígbà ìtọ́jú náà, àwọ̀ funfun náà sì máa ń rẹ̀yìn bí ọjọ́ ti ń lọ.

3.0 Àbàwọ́n Ojú àti Àbàwọ́n Inú

Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ibi tí àbàwọ́n ti wá. Obì, sìgá, tíì àti kọfí ń fa àbàwọ́n ojú, èyí tí híha lè mú kúrò. Àbàwọ́n inú ni ó ti wọ eyín lára nígbà tí eyín ṣì ń dàgbà nínú egungun. Oògùn tetracycline, bí aboyún tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ bá lò ó, lè sọ eyín ọmọ náà di aláwọ̀ ìyeyè tàbí eérú. Flúóráìdì tí ó pọ̀ jù nínú omi mímu náà ń ṣe irú èyí. Ní 1901 ni Frederick McKay ṣàkíyèsí àbàwọ́n pupa rúsúrúsú lẹ́nu àwọn ará Colorado Springs ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó di 1931 kí wọ́n tó mọ̀ pé flúóráìdì ni ó fà á. Ní Nàìjíríà, wọ́n ti rí i ní Langtang ní Ìpínlẹ̀ Plateau. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe òdiwọ̀n ni mílígíráàmù 1.5 nínú lítà omi kan.

Nítorí náà, ìbéèrè náà "Níbo ni ẹ ti dàgbà?" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdárayá ní ìlú tí àwọn òṣìṣẹ́ ti wá láti ibi gbogbo. Bákan náà ni "Irú iṣẹ́ wo ni ẹ ń ṣe?" Èéfín ásíìdì ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe bátìrì máa ń jẹ eyín iwájú. Èdè ojoojúmọ́ a máa sọ pé kòkòrò ni ó jẹ eyín, ṣùgbọ́n ìjẹ kòkòrò yàtọ̀ sí ìjẹ ásíìdì. Bí ohun tí ń jẹ eyín bá ṣì wà níbẹ̀, ohunkóhun tí a bá lẹ̀ mọ́ ọn kò ní pẹ́.

4.0 Èjí Kì í Ṣe Àlàfo

Nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn, ààyè tí ó wà láàrin eyín iwájú méjì lókè sábà máa ń wà nínú àkójọ ohun tí a ní láti tún ṣe. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí àlàfo, a ti dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ tẹnu agbàtọ́jú, nítorí pé àlàfo ni ibi tí ohun kan yẹ kí ó wà tí kò sí. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún un, èyíinì ni èjí, ẹwà sì ni wọ́n ka èjí sí. Ó yẹ kí àlàfo dúró fún ààyè tí eyín tí ó yọ fi sílẹ̀, kí èjí sì jẹ́ orúkọ èyí tí ó wà láàrin eyín iwájú. Bí agbàtọ́jú bá fẹ́ dí èjí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ òun ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ó tún yẹ kí a ya èjí àbínibí sọ́tọ̀ kúrò lára èjí àfọwọ́ṣe. Àwọn kan tí kò ní èjí ń jẹ́ kí wọ́n fi irin gé e sí eyín wọn. Gígé náà lè dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára wà, eyín náà sì lè kú. Ẹwà ni èjí, ṣùgbọ́n ẹwà kò sọ pé gígé kò ní ewu.

5.0 Ìkarahun Eyín àti Ọ̀rọ̀ Náà "Pa"

Apá òde eyín ni ohun tí ó le jù lọ nínú ara ènìyàn. Bí a bá wọ̀n ọ́n, nǹkan bí 96% rẹ̀ ni ó jẹ́ èròjà bí i ti òkúta. Ohun abẹ̀mí tí ó mọ ọ́n ti kú kí eyín tó hù jáde, nítorí náà kò lè tún hù. Àwọn kan lè fẹ́ pè é ní èèpo eyín. Ṣùgbọ́n èèpo igi máa ń san padà lẹ́yìn tí alágbo bá ti bó o, èèpo iṣu sì jẹ́ ohun ìdànù. Orúkọ bẹ́ẹ̀ yóò tan agbàtọ́jú jẹ. Ìkarahun eyín ni ó dára jù, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò ṣí ìkarahun kúrò lára ìgbín tí yóò rò pé ara ìgbín náà ṣì ní ààbò. Mùdùnmúdùn eyín ni ẹran-ara tí ó wà ní àárín, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára wà.

Ní àwọn ọdún 1930, Charles Pincus ń fi ojú eyín àtọwọ́dá bo eyín àwọn òṣèré sinimá ní Hollywood, ṣùgbọ́n fún ìgbà tí wọ́n bá ń ya àwòrán nìkan ni. Ní 1955 ni Michael Buonocore fi hàn pé bí a bá fi ásíìdì díẹ̀ ra ìkarahun eyín, nǹkan mìíràn lè lẹ̀ mọ́ ọn gírígírí. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà tí ó yẹ kí orúkọ wọn yàtọ̀ síra.

Èdè Yorùbá ń lo pa lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe láti fi òpin hàn: a ń ti ilẹ̀kùn pa, a sì ń dí ihò pa. Bí a bá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ láti ara irú àpólà bẹ́ẹ̀, orúkọ náà yóò máa ṣe ìkìlọ̀ fúnra rẹ̀. Àlẹ̀mọ́ ni èyí tí oníṣègùn fi èròjà rírọ̀ mọ sójú eyín, tí ó sì le síbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í béèrè gbígbẹ́ tí ó pọ̀. Àlẹ̀pa ni awẹ́ tánganran tín-ín-rín tí a lẹ̀ mọ́ iwájú eyín. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè fi òmíràn sí i láìgbẹ́ eyín, èyí tí ó wọ́pọ̀ ń béèrè pé kí a gbẹ́ nǹkan bí ìdajì mílímítà kúrò. Àbòpa ni èyí tí ó bo eyín yíká, gbígbẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àlẹ̀pa lọ. Adé eyín, tí ó jẹ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tààrà, kò tọ́: ọba a máa ṣí adé bí ó bá wọlé, ṣùgbọ́n àbòpa kò ṣeé ṣí bẹ́ẹ̀.

Pa kò túmọ̀ sí pé tánganran náà yóò wà títí ayé. Ọ̀pọ̀ àlẹ̀pa ń lò tó ọdún 10 sí 15 kí ó tó di pé a pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni ọdún 25 tí ó ṣe é ti gba ìnáwó púpọ̀ mọ́ra fún ọjọ́ iwájú. Eyín tí a gbẹ́ ni ó ti parí, kì í ṣe ìnáwó.

6.0 Ẹ̀kọ́ Lára Agbẹ́gilére

Ọ̀tà lókìkí nínú gbígbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eégún tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2001. Kevin Carroll, tí ó bá àwọn agbẹ́gilére ìhà Èkìtì ṣiṣẹ́, ṣe àkọsílẹ̀ ìpele iṣẹ́ mẹ́rin: ọ̀nàlílé, tí í ṣe lílé ìrísí gbogbogbòò jáde, àlétúnlé, tí í ṣe títún un lé, dídán, àti fínfín. Ìpele wọ̀nyí bá ìṣètò ẹ̀rín mu, àfi níbi kan. Gígé ni agbẹ́gilére fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí igi bá bàjẹ́, yóò wá òmíràn. Oníṣègùn eyín kò ní eyín mìíràn láti wá, nítorí náà gbígbẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ kẹ́yìn.

Ọ̀nàlílé rẹ̀ ni àyẹ̀wò, àwòrán, àti ẹ̀dà ẹnu tí a fi P.O.P. ṣe tàbí tí kọ̀ǹpútà yà. Níhìn-ín ni a ti ń tọ́jú eyín tí kòkòrò jẹ àti èrìgì tí ń ṣẹ̀jẹ̀ ṣáájú ohun gbogbo. Àlétúnlé ni fífi ìda mọ eyín tuntun sára ẹ̀dà náà, kí a sì gbé ìrísí rẹ̀ sí ẹnu agbàtọ́jú fún ìgbà díẹ̀. Àwọn aránṣọ ní ọ̀rọ̀ fún èyí: wọn a ní kí oníbàárà wọ aṣọ wò. Àwọ̀wò ni ó yẹ kí ó jẹ́. Agbàtọ́jú yóò fi àwọ̀wò sọ̀rọ̀, yóò fi rẹ́rìn-ín, yóò fi han ará ilé, kí ó tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà nìkan kò tó, nítorí pé àwòrán kì í sọ̀rọ̀, kì í sì í jẹun.

Bí ìsọdifunfun bá wà nínú ètò, òun ni ó ń ṣáájú, nítorí pé pẹrọ́sáìdì kò lè yí àwọ̀ tánganran padà. A sì ń dúró tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ kí a tó lẹ nǹkan mọ́ eyín, kí ó lè mú dáadáa. Àwọ̀ ni a ń yàn lẹ́yìn èyí. Òdiwọ̀n àwọ̀ Vita tí ó wọ́pọ̀ ní irú funfun 16 lábẹ́ ìsọ̀rí mẹ́rin. Èdè Yorùbá kò ṣàìní òdiwọ̀n tirẹ̀. Ẹni tí ó sọ pé eyínfúnjowó mọ̀ pé funfun owó ẹyọ kì í ṣe funfun ìwé. Ó ní ìmọ́lẹ̀ nínú, ó sì rọ̀ lójú. Bí agbàtọ́jú bá sọ pé òun fẹ́ funfun, ó yẹ kí oníṣègùn béèrè pé, "Ṣé funfun owó ẹyọ ni, àbí funfun tánganran?"

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 fi hàn pé èdè Yorùbá lè sọ̀rọ̀ nípa gírámà àti lítíréṣọ̀ láìyá ọ̀rọ̀ jù. Ti ìṣègùn ní ẹrù kan lórí sí i. Bí ọ̀rọ̀-ìperí gírámà bá ṣòro, akẹ́kọ̀ọ́ yóò tún un kà. Bí ọ̀rọ̀-ìperí ìṣègùn bá ṣini lọ́nà, ara ènìyàn ni yóò san án. Nítorí náà, yàtọ̀ sí pé kí ọ̀rọ̀ rọrùn láti pè, kí ó sì bá gírámà mu, ó gbọ́dọ̀ sọ fún olùgbọ́ bóyá ohun tí ó fẹ́ ṣe ṣeé dá padà tàbí kò ṣeé dá padà.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a gbé yẹ̀wò nìyí:

Híha: mímú èérí líle kúrò ní ìdí eyín.
Ìsọdifunfun: fífi oògùn yí àwọ̀ inú eyín padà, kì í gbẹ́ eyín, kì í sì í pẹ́ títí.
Ìkarahun eyín: apá òde líle tí kì í tún hù.
Àlẹ̀mọ́: èròjà tí a mọ sójú eyín, ó ṣeé tún ṣe.
Àlẹ̀pa: awẹ́ tánganran iwájú eyín, gbígbẹ́ rẹ̀ kò ṣeé dá padà.
Àbòpa: ìbora yíká eyín, gbígbẹ́ rẹ̀ pọ̀, kò sì ṣeé dá padà.
Àwọ̀wò: ìrísí ẹ̀rín tí a gbé wọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí a tó gbẹ́ ohunkóhun.

Oníṣègùn tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Àjọ Oníṣègùn àti Oníṣègùn Eyín Nàìjíríà nìkan ni ó ní àṣẹ láti gbẹ́ eyín ẹni. Ṣùgbọ́n àṣẹ òfin kò rọ́pò òye agbàtọ́jú. Òṣìṣẹ́bìnrin Sàngó tí ó gbọ́ àlẹ̀pa, tí ó sì béèrè pé, "Dókítà, kí ni ẹ fẹ́ pa?" ti béèrè ohun tí ó yẹ kí ó béèrè. Abéèrè kì í ṣìnà.