Ehoro kú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú

Ìbéèrè: Ehoro mẹ́ta kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ méjì. Dókítà ẹran tó là wọ́n ní kíndìnrín wọn ti bàjẹ́. Ṣé oúnjẹ ló fà á ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àdánù. Ẹ má tíì di ẹ̀bi ru oúnjẹ. Ó jọ àrùn ẹlẹ́jẹ̀ ehoro tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, èyí tí wọ́n rí ní Nàìjíríà lọ́dún 2020. Ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń bà jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ á máa dì wẹ́wẹ́ káàkiri inú iṣan, á dí àwọn asẹ́ tín-ín-tìn-ìn inú kíndìnrín, ìdọ̀tí tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde á sì há sára. Ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì á wá tán. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ya nímú. Nígbà míì, kò ní tó ọjọ́ méjì tí ibà bá bẹ̀rẹ̀ tí ehoro á fi kú.

Kò sí oògùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ló wà, kí àrùn tó dé. Kì í ran èèyàn, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ìyẹn gbé òkú ehoro lọ sọ́jà. Fáírọ́ọ̀sì yìí ń pẹ́ lára òkú. Ẹ sin ín jinlẹ̀.