Bí A Ṣe Ń So Ọ́fíìsì Kékeré Pọ̀ Mọ́ Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní àtijọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Òkìtìpupa lè fi ìwé ńlá kan, kálàmù àti àpótí irin ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ náà bá gbọ́n, àgádágodo méjì ni yóò fi sí ara àpótí náà: kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ akápò, èkejì lọ́wọ́ alága, kí ẹnìkan ṣoṣo má baà lè dá a ṣí.

Lónìí, púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ti kúrò nínú ìwé bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Owó tí oníṣòwò epo pupa fi ra ọjà ń gba inú báǹkì kọjá láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kà á. Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, iye tí ó dá àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ. Ẹnu ọ̀nà tí gbogbo nǹkan wọ̀nyí ń gbà wọlé tí wọ́n sì ń gbà jáde ni ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí a ń pè ní ráútà. Ẹ̀kọ́ yìí wà fún ẹni tí ó fẹ́ gbé ráútà kalẹ̀ sí ọ́fíìsì kékeré, tí ó sì fẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà náà wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

IṢẸ́ TÍ RÁÚTÀ Ń ṢE

Ráútà dàbí akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ń gba lẹ́tà láti òde, tí ó sì ń pín in fún ilé kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí àdírẹ́sì rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì a fún ọ́fíìsì ní àdírẹ́sì kan. Ráútà a sì fún kọ̀ǹpútà, fóònù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ilé. Nípa báyìí, ẹ̀rọ mẹ́wàá lè gba ọ̀nà kan ṣoṣo, kí lẹ́tà ọ̀kan má sì ṣèèṣì dé ọwọ́ èkejì.

Ọ̀nà tí ó ti òde wá náà jìn. Okùn ńlá tí a tẹ́ sí abẹ́ òkun, bíi MainOne tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010 àti Equiano tí ó gúnlẹ̀ ní 2022, ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí etíkun Èkó. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń gba orí okùn mìíràn àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ àárín ilẹ̀. Ọ́fíìsì kékeré lè lo ráútà tí ń gba síìmù bíi ti fóònù, tàbí kí ó lo àwo Starlink tí ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ ní òfuurufú, èyí tí ó dé Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ti síìmù ni ó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀, òun sì ni ẹ̀kọ́ yìí yóò tẹ̀lé.

KÍ OWÓ TÓ JÁDE

Kí akọ̀wé kọ́kọ́ yá fóònù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí síìmù inú wọn jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ó jókòó sí ibi tí tábìlì rẹ̀ yóò wà gan-an, kí ó sì ṣí ojú-ewé kan náà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó yá ní òwúrọ̀ lè máa fà ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń lo òpó kan náà. Kí ó tún béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á bóyá ráútà náà lè gba síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn, nítorí pé àwọn kan wà tí a ti dè mọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ìlú ti lo ọdún púpọ̀ láìrí iná ìjọba. Ó dára pé iná díẹ̀ ni ráútà ń jẹ. Fóltì 12 ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, bátìrì kékeré tí a ṣe fún un sì lè gbé e fún wákàtí mélòó kan láìtan jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n kí a ka ohun tí a kọ sí ara ṣájà ráútà kí a tó ra bátìrì, nítorí pé bí fóltì bá ju èyí tí ẹ̀rọ ń fẹ́ lọ, ẹ̀rọ lè jóná. Nígbà tí òjò bá ṣú tí àrá sì ń sán, kí a yọ ọ́ kúrò lára iná.

IBI TÍ A Ó GBÉ E SÍ

Ògiri tí ó nípọn, páànù, kọ́bọ́ọ̀dù irin àti àgbá omi a máa dí ìgbì Wi-Fi lọ́wọ́. Nítorí náà, kí a má ṣe gbé ráútà sí ilẹ̀ tàbí kí a tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Orí pẹpẹ gíga, nítòsí fèrèsé tí ó kọjú sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni ó yẹ ẹ́. Kí a gbé e káàkiri, kí a dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ibi kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa wo àwọn iná kékeré tí ń fi agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn. Bí ráútà bá ní ìgbì méjì, ti 2.4 GHz ni ó ń la ògiri kọjá dé ọ̀nà jíjìn. Ti 5 GHz yára jù ú lọ, ṣùgbọ́n kì í lọ jìnnà.

ÌGBÉSẸ̀ MẸ́FÀ

Èkíní: Kí a fi síìmù sínú ráútà kí a tó tan án. Kí síìmù náà wà ní orúkọ ọ́fíìsì tàbí ti òṣìṣẹ́ tí ẹgbẹ́ yàn, kì í ṣe ní orúkọ ẹni tí ó wá bá wọn ṣe iṣẹ́.

Èkejì: Kí a yí ráútà padà, kí a wo ìdí rẹ̀. Orúkọ Wi-Fi, ọ̀rọ̀ aṣínà, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní pásíwọ́ọ̀dù, àti nọ́ńbà kan bíi 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 wà níbẹ̀. Kí a so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, kí a sì tẹ nọ́ńbà náà sí ibi tí a máa ń kọ àdírẹ́sì ojú-ewé sí. Ojú-ewé tí yóò ṣí wà nínú ráútà fúnra rẹ̀. Ó lè ṣí bí kò tilẹ̀ tíì sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀kẹta: Kí a kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà olùdarí, èyí tí ó ṣí ojú-ewé yìí. Ó yàtọ̀ sí ti Wi-Fi.

Ẹ̀kẹrin: Kí a fún Wi-Fi ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan dára ju orúkọ ọ́fíìsì tàbí nọ́ńbà fóònù alága lọ. Kí a yan ààbò WPA2 tàbí WPA3. Kí a má ṣe yan WEP, tí a ti mọ̀ láti ọdún 2001 pé ó ṣe é já.

Ẹ̀karùn-ún: Kí a ṣí ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún àlejò, bí ráútà bá ní i, kí fóònù ẹni tí ó wá kí ènìyàn má baà wà ní ojú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà akápò.

Ẹ̀kẹfà: Bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá wọlé, kí a béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ni síìmù fún ohun tí ó yẹ kí a kọ sí ibi tí a kọ APN sí. Bí ó bá wọlé, kí a wò bóyá ìmúdójúìwọ̀n wà fún ráútà, kí a sì jẹ́ kí ó ṣe é.

ÌDÍ TÍ KỌ́KỌ́RỌ́ FI ṢE PÀTÀKÌ

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé iná ráútà bá ti tàn, inú gbogbo ènìyàn dùn, a san owó oníṣẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ aṣínà olùdarí wà bí ó ti wà láti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, tàbí kí ó jẹ́ oníṣẹ́ náà nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tí ó bá ráyè wọ ojú-ewé olùdarí lè yí ọ̀nà padà, kí akápò tẹ àdírẹ́sì báǹkì, kí ó sì bá ara rẹ̀ ní ojú-ewé èké. Owó tí ìyá kan fi ọdún mẹ́ta dá jọ lè gba ibẹ̀ lọ. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, tí a fi ọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, sì ti sọ ọ́ di ojúṣe ẹni tí ó ń pa àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn mọ́ láti dáàbò bò ó.

Nítorí náà, kí a kọ ọ̀rọ̀ aṣínà méjèèjì sínú ìwé, kí a fi í sínú àpò ìwé, kí akápò àti alága buwọ́ lù ú, kí a sì tì í mọ́ inú àpótí irin. Nígbà tí òṣìṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an.

BÍ Ó BÁ DÁKẸ́

Kí a wo iná, kí a wo bí dátà bá ṣẹ́ kù, kí a fi ẹ̀rọ mìíràn dán an wò, kí a pa ráútà, kí a sì tún un tàn. Kí a má ṣe fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò tí a kọ Reset sí pẹ̀lú ìkánjú, nítorí pé yóò nu gbogbo ètò tí a ti ṣe, ọ̀rọ̀ aṣínà ti ilé-iṣẹ́ yóò sì padà. Nígbà mìíràn ẹ̀bi kò sí ní ọ́fíìsì rárá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì fà tàbí kí ó dákẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó tẹ Reset ní ọjọ́ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá kún wàhálà. Síìmù kejì, ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, nínú àpótí a máa wúlò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi àti ti olùdarí?
2. Èé ṣe tí ó fi yẹ kí a dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò nígbà mẹ́ta lóòjọ́ kí a tó ra ráútà?
3. Nínú ẹgbẹ́ yín, ta ni kọ́kọ́rọ́ ráútà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí?