Ojú Kọ̀ǹpútà: Ohun tí Olùlò Ń Retí àti Ohun tí Oníṣẹ́ Yàn

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rán ọmọ lọ tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó tàbí ìwé tí a fi ń wá iṣẹ́ ti ní ìpín nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo akọ̀wé kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ìkòròdú. Kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ ni ó rà, Linux tí a kì í san owó fún ni ó sì fi sí i. Ojú ẹ̀rọ náà ti mọ́ ọn lára. Mẹ́nù wà ní igun òkè lọ́wọ́ òsì, orúkọ gbogbo ìwé tí ó ṣí wà ní ìsàlẹ̀, ìwé àwọn oníbàárà sì wà níta gbangba bí ẹni pé a tẹ́ wọn sórí tábìlì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí ó ti gba ẹ̀dà titun, ó tan ẹ̀rọ rẹ̀, kò sì rí ọ̀kankan nínú wọn mọ́. Oníbàárà ń dúró, epo sì ń jó nínú jẹnẹrétọ̀. Akọ̀wé yìí yóò ní àwọn tí ó ṣe ètò náà ti ba iṣẹ́ òun jẹ́. Àwọn tí ó ṣe é yóò ní títún ni àwọn tún un ṣe. Ta ni ó jàre?

Kí a tó dá ẹjọ́ náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń sọ. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò ní ojú. Ètò kan ni a kọ sínú rẹ̀ tí ń fi fèrèsé, bọ́tìnì àti àwòrán hàn wá, tí ó sì ń gba àṣẹ wa. Windows tí Microsoft ń tà jẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àṣírí ilé-iṣẹ́ náà ni ìlànà tí a fi kọ ọ́. Àwọn míràn wà tí a tẹ́ ìlànà wọn sí gbangba, tí òfin wọn sì gbà kí ẹnikẹ́ni kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Méjì ni ó lókìkí jù nínú wọn. KDE ni èkínní, èyí tí Matthias Ettrich, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Jámánì, kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 1996. Èkejì ni GNOME, tí ọmọ Mẹ́síkò méjì, Miguel de Icaza àti Federico Mena, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí àwọn oníṣẹ́ GNOME ń ṣe ni pé bí ẹnìkan bá bèèrè ohun kan, wọn a fi bọ́tìnì kan kún un. Ní ọdún 2001, ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems pe àwọn ènìyàn lásán wá láti lo ètò náà, wọ́n sì rí i pé ojú rẹ̀ ń dà wọ́n láàmú. Nígbà tí ẹ̀dà kejì jáde ní ọdún 2002, a ti gé púpọ̀ nínú ohun tí olùlò lè yí padà kúrò. Havoc Pennington, ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ náà, ṣe àlàyé pé gbogbo ohun tí a bá ní kí olùlò fúnra rẹ̀ yàn ni ó ní iye tí a ó san lé e. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Bí ohun kan bá wà tí a lè tàn tàbí kí a pa, ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ náà lè gbà rí. Bí ó bá jẹ́ méjì, ó di ọ̀nà mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ mẹ́wàá, ó di 1,024. Àwọn oníṣẹ́ náà, tí púpọ̀ nínú wọn kì í gba owó iṣẹ́, kò lè dán gbogbo rẹ̀ wò. KDE ní tirẹ̀ yan ọ̀nà kejì. Ó fi àyè sílẹ̀ fún olùlò láti yí ohun púpọ̀ padà, ó sì gba wàhálà tí ó wà nínú rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2011 ni ọ̀rọ̀ náà wá gbóná. GNOME gbé ẹ̀dà kẹta jáde. Mẹ́nù àtijọ́ lọ, ìlà ìsàlẹ̀ tí ń fi ìwé tí a ṣí hàn lọ, bọ́tìnì tí a fi ń pa fèrèsé mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sì lọ pẹ̀lú wọn. Ìdí tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ sọ kì í ṣe ìdí òmùgọ̀. Wọ́n ní ó yẹ kí ènìyàn kọjú sí iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan, àti pé ó yá kí a tẹ orúkọ ohun tí a ń wá ju kí a máa tú mẹ́nù kiri lọ. Ṣùgbọ́n ìbínú tí ó tẹ̀lé e pọ̀ jọjọ. Linus Torvalds, ẹni tí ó dá Linux sílẹ̀, sọ̀rọ̀ líle sí i ní gbangba, ó sì kó lọ sí ojú-iṣẹ́ míràn tí a ń pè ní Xfce. (Nígbà tí ó fi di ọdún 2013 òun náà ti padà.) Ní oṣù kan náà ni Ubuntu, ètò tí Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfríkà, ti ń pín fún gbogbo ayé láti ọdún 2004, fi Unity, ojú titun tirẹ̀, síwájú gbogbo olùlò rẹ̀. Ubuntu kan náà ni ó pa Unity tì ní ọdún 2017, tí ó sì padà sọ́dọ̀ GNOME.

Ẹ fi etí sí èyí tí ó kàn, nítorí pé inú rẹ̀ ni agbára olùlò wà. Ní ọdún 2011 náà, olùlò kan ní Argentina mú ìlànà GNOME àtijọ́ tí a ti pa tì, ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí MATE, ó sì ń tún un ṣe. Kò tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òfin kò sì dá a dúró. Títí di òní ni MATE ń ṣiṣẹ́, ó sì rọrùn fún ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ tí agbára rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí ó ra ètò tí ìlànà rẹ̀ jẹ́ àṣírí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí owó tí ó san pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni agbára yìí. Ẹni tí ó bá gbé ètò pamọ́ ni yóò máa tún un ṣe ní ọdọọdún.

Ní tiwa, a rò pé akọ̀wé wa ní Ìkòròdú jàre ní apá kan, ó sì jẹ̀bi ní apá kan. Ẹ wo ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Bí a bá gbé ìsọ̀ ibẹ̀ láti apá kan sí apá kejì, ìyá tí ó ti ń gba ọ̀nà kan náà fún ogún ọdún yóò kùn, kódà bí ọ̀nà titun bá dára ju ti àná lọ. Ẹni tí ó tún ọjà ṣe ní láti ronú sí ẹni tí yóò wá ní ọ̀la pẹ̀lú, kì í ṣe sí ẹni tí ọ̀nà àtijọ́ ti mọ́ lára nìkan. Ẹ̀bi rẹ̀ ni bí ó bá tún un ṣe ní òru láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Irú ẹ̀bi yìí wà lọ́rùn àwọn oníṣẹ́ ètò nígbà púpọ̀.

Níbo tilẹ̀ ni ohun tí a ń retí ti ń wá? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ojú tí a kọ́kọ́ mọ̀ ni a ń pè ní ojú tí ó tọ́. Ní ọdún 2007, a kó kọ̀ǹpútà kékeré ti ẹgbẹ́ One Laptop per Child wá sí ilé-ẹ̀kọ́ Galadima ní Àbújá. Sugar ni orúkọ ojú rẹ̀. Kò sí àpò ìwé tí a kó sínú ara wọn nínú rẹ̀. Ìwé ìrántí kan ṣoṣo ni ó ń to gbogbo ohun tí ọmọ náà ti ṣe ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Àgbàlagbà tí ó ti mọ Windows yóò dààmú níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ni wọ́n ṣe é fún. Ní ọdún kan náà, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, François Bancilhon, olórí ilé-iṣẹ́ Mandriva ní Faransé, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer tí í ṣe ọ̀gá Microsoft nígbà náà. Ó ní Nàìjíríà ti béèrè fún kọ̀ǹpútà 17,000 fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú Linux ti Mandriva lórí wọn, ṣùgbọ́n a wá sọ fún òun pé wọn yóò san owó Linux náà, wọn yóò sì fi Windows rọ́pò rẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé ìjà dé ibẹ̀. Ojú tí ọmọ bá kọ́kọ́ rí ní ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò máa wá kiri nígbà tí ó bá dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí èdè wa, nítorí níbẹ̀ ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ jù. Lójú ọmọ Yorùbá, lẹ́tà kan ṣoṣo ni ọ. Ó ní ààyè tirẹ̀ nínú lẹ́tà 25 tí a fi ń kọ́ ọmọdé. Kì í ṣe o tí a fi nǹkan há nídìí. Àmì ohùn ni ó yàtọ̀. Òun ni a ń wé lé e lórí bí gèlè, tí a sì lè tú kúrò. Ṣùgbọ́n nínú Unicode, ìwé orúkọ lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé ń tẹ̀lé, ẹ àti ọ jẹ́ odidi nítorí pé èdè Vietnam ń lò wọ́n. Ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní ààyè tirẹ̀. Ṣe ni a ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀, àwọn alábòójútó ìwé náà sì ti pinnu pé àwọn kì yóò tún dá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ mọ́.

Wàyí o, akọ̀wé wa ń tẹ lẹ́tà kan nípa ọkọ̀ ojú omi tí ń gba ọ̀sà kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì, ó tẹ ọkọ́. Ọkọ̀ di ohun èlò àgbẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Kí ni ó ń retí? Ó ń retí pé kí àmì òkè lọ, kí ọ sì ṣẹ́kù. Nínú GNOME, ètò tí ń to lẹ́tà ni Pango, orúkọ tí a fi èdè Gíríìkì àti ti Japan hun pọ̀ láti túmọ̀ sí gbogbo èdè. Ìlànà Pango ni pé, ní ti lẹ́tà irú tiwa, lẹ́tà àti gbogbo àmì rẹ̀ yóò lọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ọk nìkan ni yóò ṣẹ́kù. Àwọn ètò míràn wà tí ń mú ẹyọ tí a tẹ̀ kẹ́yìn nìkan kúrò. Ìyẹn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ ọ náà ní o pẹ̀lú àmì abẹ́, títẹ̀ kejì yóò sọ ọ́ di o, lẹ́tà tí akọ̀wé náà kò kọ rí.

Àwọn tí ó yan ìlànà wọ̀nyí kò ṣe é láti fi ìyà jẹ wá. Ẹni tí ń kọ Faransé ka é sí ohun kan ṣoṣo, ó sì fẹ́ kí ó lọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí kò sí nínú ìmọ̀ wọn ni pé àmì abẹ́ àti àmì òkè kì í ṣe ẹgbẹ́ lójú wa. Ọ̀kan jẹ́ ara lẹ́tà, èkejì jẹ́ ohùn rẹ̀. Bákan náà ni ti àmì tí a ń tẹ̀ ṣáájú lẹ́tà, àṣà tí kọ̀ǹpútà jogún láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ táìpù. Àwa a máa kọ lẹ́tà ná kí a tó fi ohùn lé e. Nínú àwọn ètò kọ̀ọ̀kan, bí a bá tẹ àmì ṣáájú ẹ, ẹ̀rọ náà a wá lẹ́tà odidi tí yóò bá a mu, kò sì ní rí i.

Àwa Yorùbá pàápàá ti ṣe irú àríyànjiyàn yìí láàrin ara wa. Ní ọdún 1875, ìpàdé kan jókòó ní Èkó lórí bí a ó ti máa kọ èdè yìí, ní ọdún 1974 a sì tún fi ìlànà titun lélẹ̀. Àwọn tí ó fi “aiye” àti “enia” kọ́ ìwé kíkà mọ bí ó ti dùn wọ́n tó nígbà tí a ní kí wọ́n máa kọ “ayé” àti “ènìyàn”. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ Yorùbá wà ní ìjókòó nígbà tí a ń pinnu.

Nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, àyè ìjókòó náà ṣí sílẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ètò wọ̀nyí a máa ní ìwé ẹ̀sùn tí gbogbo ènìyàn lè kọ nǹkan sí. Ẹ̀sùn tí wọ́n ń kà tọkàntọkàn ni èyí tí ó sọ orúkọ ètò àti iye ẹ̀dà rẹ̀, ohun tí a tẹ̀, ohun tí ó jáde, àti ohun tí ó yẹ kí ó jáde pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Èébú kì í yí wọn lọ́kàn padà. Ní Ìkòròdú ni Yunifásítì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà, èyí tí ó jẹ́ Pọ́lì títí di ọdún 2022. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sì ń kọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Ẹ̀pẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó lè ka ìlànà Pango bá jókòó ti olùkọ́ Yorùbá kan tí ó lè ṣe àlàyé lẹ́tà 25 wa, wọn yóò lè kọ ẹ̀sùn náà, kódà wọn lè kọ àtúnṣe rẹ̀.

Fún iṣẹ́ ilé ìkàwé ní ìpàdé tí ó ń bọ̀, kí ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà tàbí fóònù gbé e wá. Kí a tẹ ọ̀rọ̀ náà, ọkọ́. Kí a tẹ bọ́tìnì ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ohun tí ó ṣẹ́kù lójú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ètò tí a lò àti iye ẹ̀dà rẹ̀.