Kí Ẹ Tó Gun Kẹ̀kẹ́ Wọ Pine Creek

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ yípo àfonífojì Pine Creek ní Pennsylvania, kí ẹ sùn sínú igbó mọ́jú. Ó dára, ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ọ̀nà ẹ̀bá odò, tí rélùwéè gbà láti ọdún 1883 títí di ọdún 1988, tẹ́jú; ó gùn tó nǹkan bíi 100 kìlómítà. Òkè tí ẹ óò gùn jáde ni kí ẹ ṣírò dáadáa. Ẹ di ẹrù tó wúwo sísàlẹ̀, sáàárín kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì fi ẹrù náà gun òkè kan nítòsí ilé wò. Ẹ yẹ bíréèkì wò kí ẹ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Òkè máa ń tètè bo oòrùn níbẹ̀: ẹ pàgọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, níbi tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹ se omi odò kí ẹ tó mu ún. Ẹ má gbé oúnjẹ sínú àgọ́, béárì ń bẹ nínú igbó yẹn. Ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó jókòó, nítorí ejò olóró. Nẹ́tíwọ̀kì ṣọ̀wọ́n, nítorí náà ẹ mú máàpù oníwèé, kí ẹ sì sọ ọ̀nà yín àti àkókò ìpadàbọ̀ fún ará ilé.

Bí òjò bá le, ẹ padà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àlọ yín á dára, àbọ̀ yín á sunwọ̀n.